Ìkẹ́dùn Ikú Màmá Olúbùkọ́lá Ọláníyan, Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ìlú Wendlesby Tẹ́lẹ̀

Sí Bàbá wa, Alàgbà Tádé Ọláníyan, àti Inúolúwa ọmọ yín, ní Taradale, Calgary.

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, tí kò sì tíì rí ẹkún sun, ni àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀ Yorùbá ní Taradale àti Falconridge fi ń kọ̀wé sí yín lórí ìpapòdà Màmá wa, Olúbùkọ́lá Ọláníyan, tí wọ́n dágbére fáyé láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè tó kọjá, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. A ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé. A ń pe orúkọ, a dé orí orúkọ Màmá, a pa ìwé orúkọ dé. A tú ká láìparí ìpàdé.

Kí ẹ tó kó wá sí Canada, ọdún méjìlélógún ni Màmá fi ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú ní Wendlesby, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ England. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ń kó kúrò ní ọ́fíìsì àtijọ́, inú yàrá abẹ́lẹ̀ kan tí omi ti wọ̀ ni Màmá ti bá àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, láti ọdún 1894 tí àwọn ará ìlú kọ́kọ́ dìbò yan ìgbìmọ̀ tiwọn. Àwọn kan ní kí wọ́n dà á nù. Màmá tọrọ ẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé, wọ́n ń sá a ní ewé kọ̀ọ̀kan títí ó fi gbẹ. Inú ìwé wọ̀nyẹn ni ìwé ìtàn Wendlesby tí Màmá ń kọ ti jáde: bí agbára ṣe kúrò lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ńláńlá, tó bọ́ sọ́wọ́ aránṣọ àti oníbúrẹ́dì, àti bí ìjọba ṣe gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlú kéékèèké lọ́dún 1974.

Ìmọ̀ yìí ṣe wá láǹfààní. Nígbà tí a kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n ṣe crosswalk, ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń gba títì kọjá, síwájú daycare àwọn ọmọ wa, tí èsì pẹ́, ó rẹ̀ wá. Màmá dìde nípàdé, wọ́n ní: "Obìnrin alágbàfọ̀ kan wà ní Wendlesby, ìwé méje ló kọ kí wọ́n tó gbé iná sórí afárá. Ẹ̀yin kọ ẹyọ kan, ẹ ti fẹ́ lọ sùn?" Ìgbà kẹrin tí a kọ̀wé ni wọ́n kun ilà sójú títì. Àwọn ọmọ wa ń gba ibẹ̀ kọjá lónìí.

Inúolúwa sọ fún wa pé orí tó kẹ́yìn nínú ìwé náà ni Màmá ò tíì kọ. A ò ní bá wọn kọ ọ́, nítorí a ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yóò tẹ èyí tó wà nílẹ̀ jáde. Akọ̀wé tó wà ní Wendlesby báyìí ti fèsì pé àwọn yóò gbé e sí ilé ìkàwé ìlú.

Bàbá, ẹ má ronú oúnjẹ, ẹ má sì ronú kíkó snow iwájú ilé. A ti pín ọjọ́ láàárín ara wa. Ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn yín, kò di dandan kí ẹ bá a sọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́run Olùtùnú wọlé tọ̀ yín, kí ó bá yín gbé inú ilé tó ti dákẹ́. Kí ó fún Bàbá ní oorun. Kí ó fún Inúolúwa lágbára fún gbogbo ohun tó kù ní ṣíṣe. Kí ó dá yín sí fún ara yín. Àmín.

Dúrósinmí Adéníjì,
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.