Bàbá Fáàfù àti Aṣọ Ìgbéyàwó Tó Fẹ́ Tú Ilé Ká

Ní ọ̀sán Sátidé kan ní ọdún 1968, níwájú ṣọ́ọ̀bù rédíò kan tí ẹsẹ̀ kò gbèrò, ojú ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti omidan kan ṣe mẹ́rin. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn wá gbọ́ níbẹ̀, rédíò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ gbá pẹnáritì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà, tó ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún, ti yọ wáyà rédíò lára ògiri, ó ti ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn èrò sì ń pariwo lé e lórí. Ó gbójú sókè láti bẹ̀ wọ́n. Láàárín gbogbo orí wọ̀nyẹn, omidan kan tó wọ búláòsì funfun ni ojú rẹ̀ bà lé. Lójú ẹsẹ̀, ara rẹ̀ gbọ̀n láti òkè délẹ̀, ó sì fìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Omidan náà rò pé ìfẹ́ ni. Iná ni. Rédíò ayé ìgbà náà máa ń fi iná pamọ́ sínú fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì ti gbàgbé ohun tí ọ̀gá kọ́ ọ. Nígbà tí a bi Bàbá wa léèrè pé èwo gan-an ló gbé wọn lọ́jọ́ náà, wọ́n ní, "Méjèèjì ló gbé mi. Iná nìkan ló jù mí sílẹ̀."

Ọdún 1944 ni a bí Bàbá wa yìí, ẹni tí a ń sìn lọ sílé ìkẹyìn lónìí. Káfíńtà ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ, ìyá wọn sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. Wọ́n parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1958, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń fá pákó lọ́dọ̀ bàbá wọn, kí wọ́n tó lọ kọ́ṣẹ́ rédíò. Ní 1971, omidan oníbúláòsì funfun di aya wọn. Ìyá wa fọwọ́ ara wọn rán aṣọ ìgbéyàwó náà, ó funfun báláú, ó rọ̀ bí òwú. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Fáàfù ni iṣẹ́ Bàbá, òun náà ló di orúkọ wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìgò kékeré bíi gílóòbù ni, tó máa ń tan iná pupa fẹ́ẹ́rẹ́ nínú rédíò àtijọ́. Bàbá á fá pákó àpótí rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n á tẹ irin inú rẹ̀, wọ́n á fi òjé gbígbóná so wáyà mọ́ wáyà. Bí wọ́n bá tàn án, kò ní fọhùn. Iná á kọ́kọ́ máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn ìdájí, ìgbà tó bá yá ni ohùn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí rédíò oníbátìrì dé, tí gbogbo ẹgbẹ́ wọn yí padà, Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní rédíò tó ń sọ̀rọ̀ kí èèyàn tó jókòó kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Olùfọkànsìn ni wọ́n. Ní 1983, wọ́n ṣe ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ìjọ wa, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ náà kì í tètè gbóná. Pásítọ̀ á dìde, ẹnu wọn á máa lọ, a ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ó pẹ́ kí ìjọ tó mọ̀ pé àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú ìsìn.

Ní 2009, ìròyìn ta sí Bàbá létí pé irú fáàfù tí wọ́n ń lò kò ní jáde mọ́ nílé iṣẹ́ kankan. Wọ́n ṣa gbogbo èyí tó kù jọ, wọ́n sì wá ohun rírọ̀ tí wọ́n lè fi wé wọn kí wọ́n má baà fọ́. Ẹ̀yin èèyàn wa, aṣọ ìgbéyàwó ni wọ́n fà yọ. Wọ́n gé ìṣẹ́tí rẹ̀ láti fi wé àwọn ńlá, wọ́n to àwọn kékeré sínú apá rẹ̀ méjèèjì. Ìyá wọlé, wọ́n bá aṣọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, kí lẹ rí kí ẹ tó mú èyí?"

"Òun ló rọ̀ jù nílé," ni Bàbá wí. Wọ́n rò pé àwọn ń yin aṣọ ni.

Ìyá kó ẹrù wọn, ó di ilé àkọ́bí wa obìnrin. Wọ́n ní àwọn ò padà mọ́.

Ilé wá dá páropáro. Gbogbo rédíò ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tí Bàbá lè dá lóhùn. Wọn ò sì mọ bí ẹ̀bẹ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu, ni wọ́n bá kọ lẹ́tà. Bí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á fi lẹ́tà sápò àyà, wọ́n á lọ jókòó sí pálọ̀ ọmọ wọn.

"Rédíò yín ni mo wá wò."

"Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa," ni Ìyá máa ń dáhùn láti yàrá ìdáná.

"Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́."

Wọ́n á tú u, wọ́n á dè é padà, wọ́n á mu omi, wọ́n á lọ. Àkọ́bí sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n kúkú fún Ìyá ní lẹ́tà náà. Bàbá ní kò tíì gbóná.

"Bàbá mi, ẹ ti fọ́ ìdérí rédíò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tètè gbóná."

Bàbá délé, wọ́n kó fáàfù kúrò nínú aṣọ, wọ́n fọ aṣọ náà, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn rán ìṣẹ́tí rẹ̀ padà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé àkọ́bí, Ìyá tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n wò ó títí.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni."

"Ó hàn."

Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò àyà láti yọ lẹ́tà. Nínú àpò kan náà ni wọ́n ń gbé fáàfù tó ṣọ̀wọ́n jù sí, èyí tí wọn ò ní irú rẹ̀ mọ́, tí wọn kì í gbé sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó bá lẹ́tà jáde, ó já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, ó fọ́ yángá. Gbogbo ilé di ara mú, a ń retí ariwo.

Bàbá ò wolẹ̀. Ojú Ìyá ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, gbà á," wọ́n sì na lẹ́tà náà. Ìyá nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró ìdí wọn, wọ́n gbà á.

Ọ̀sẹ̀ náà ni Ìyá padà sílé. Títí di òní, wọn ò sọ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà fún ẹnì kan. Bàbá sùn nínú Olúwa lọ́dún yìí, Ìyá ló di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n fi aya, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan sáyé lọ.

Bàbá wa, ẹ sùn re o. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lára, kí Olúwa sì fún yín ní ìsinmi tí ariwo kankan kò ní dà rú.