Nígbà Tí Bàálù Ní Ó Di Ọ̀la

                                        Orí Àga Onírin,
                                        Ẹnu Ọ̀nà Kejìlá,
                                        Pápákọ̀ Òfurufú.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejì,
                                        aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀.

Ìyá Bọ́tìnì, aláwẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ara ṣe rí? Orúnkún rẹ tó máa ń dún bí ilẹ̀kùn ìsọ̀ mi ńkọ́? Ọkọ rẹ bíríkìlà ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń hanrun débi pé òwú lo fi ń dí etí sùn? Ọmọ-ọmọ rẹ tó ń wúkọ́ nígbà tí a kúrò nílé, ṣé ikọ́ náà ti lọ? Mo kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. O ṣeun tí o bá mi mú kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ lọ́wọ́. Tí tíṣà bá wá béèrè síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, sọ fún un pé ó kù díẹ̀. N kò tíì gé e o, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ náà ni kí o sọ.

Ìwọ á ti máa rò pé láti àná la ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin, pé mo ti nasẹ̀ sórí àga rẹ̀, mo ń mu tíì gbígbóná. Rárá o. A ò tíì débẹ̀. Pápákọ̀ òfurufú tó yẹ kí a ti wọ bàálù kejì ni èmi àti Lọ́yà ọmọ-ọmọ mi sùn mọ́jú, lórí àga onírin, tí èèyàn bá lè pe ohun tí mo ṣe ní oorun. Ẹ̀yìn ń ro mí, ẹsẹ̀ mi wú, bàtà ò gbà mí mọ́. Ẹ̀yìn ìwé tí àwọn oníbàálù fi bẹ̀ wá pé kí a má bínú ni mo ń kọ lẹ́tà yìí sí, bírò náà sì rèé, mo yá a ni. Ó rẹ̀ mí débi pé ọwọ́ mi ò gún régé, nítorí náà bá mi fara da bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo sì ní ẹjọ́ kan láti bá ọ rò, àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Bàálù àkọ́kọ́ ò ní wàhálà kankan. Àlùmọ́gàjí kékeré tí mo fi ń gé òwú nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣàlàyé fún ẹ̀ṣọ́ náà pé láti bí ọgbọ̀n ọdún, n kò fi í gé ohunkóhun ju òwú lọ, kò tilẹ̀ wò mí. Lọ́yà ní kí n fi í sílẹ̀ fún wọn, pé òfin ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Ìwọ lo sọ ọ́ ní Lọ́yà nítorí àròyé rẹ̀, orúkọ sì ti ro ọmọ ní tòótọ́.

Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ níbí ni ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Kùrukùru ti bo gbogbo ìta, èèyàn ò lè rí bàálù tó wà lẹ́yìn fèrèsé. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó so táì pupa wà nídìí tábìlì, ó ní kí a fara balẹ̀, ó ku wákàtí kan. Nígbà tí wákàtí kan pé, ó ní ó kù díẹ̀. Nígbà tí a tún padà lọ bá a, ó ní wọ́n ti fẹ́ parí. Ìyá Bọ́tìnì, mo mọ ohùn yẹn! Ohùn mi ni. Bí mo ṣe ń sọ fún oníbàárà tó bá wá gba aṣọ nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ ọ̀hún ṣì wà nínú ọ̀rá tó fi gbé e wá. Mo wo ojú ọmọ náà, kò lè wo tèmi. Mo bá sọ fún Lọ́yà pé kí a lọ wá ibi tó dáa jókòó sí, pé aránṣọ yìí ò tíì gé aṣọ wa rárá.

Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, pátákó tí wọ́n ń kọ àkókò sí yí padà, ó ní ó di ọ̀la. Àwọn èèyàn pariwo, ọkùnrin kan fọwọ́ gbá tábìlì. Èmi ò lè pariwo. Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ọ̀la, ta ni yóò bá wí?

Wọ́n ní yàrá wà ní òtẹ́ẹ̀lì fún àwọn tó bá tètè tò. A tò. Ó ku èèyàn mẹ́rin níwájú wa ni Lọ́yà ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Mo ní kó mú un mọ́ra, ó ní tíṣà àwọn ti sọ pé kò dáa kí èèyàn máa mú un mọ́ra. Nígbà tí a fi máa ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, yàrá ti tán. Wọ́n fún wa ní bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì tó fẹ́lẹ́ bí áńkáṣíìfù, búrẹ́dì kan, àti omi inú ike méjì. Mo jẹ èèpo búrẹ́dì, ó jẹ inú rẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe nílé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àga onírin ló pa oorun lójú mi, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. O rántí ìgbà tí ọmọ mi lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó yìí, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni Lọ́yà nígbà náà. Wọ́n ní ìwé tí ọmọ máa fi lọ bá a lókè òkun á jáde láàárín oṣù mẹ́fà, ó di ọdún mẹ́rin ààbọ̀. Nínú ilé, àwọn ọmọ mi tó kù ń pè mí ní Mọ́mì, òun náà ń pè mí ní Mọ́mì. Wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n wọn ní Àǹtí, òun náà ń pe ìyá tó bí i ní Àǹtí. Kò sẹ́ni tó jókòó pinnu rẹ̀. Kí a tó fura, ìyá ọmọ ti di Àǹtí inú fóònù.

Ìwé wá jáde, mo ní kí n mú ọmọ lọ fún ìyá rẹ̀, kí n lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wọn, kí èmi nìkan sì padà wálé. Kí ni mo sọ fún Lọ́yà? Pé a fẹ́ lọ lo họlidé lọ́dọ̀ Àǹtí. Oṣù mẹ́ta lo fi ń yọ mí lẹ́nu pé kí n sọ òótọ́ fún ọmọ kí a tó gbéra, o tún ń pa òwe irọ́ ogún ọdún yẹn fún mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń dá ọ lóhùn pé ó di ọ̀la. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mò ń rí i pé a máa kan ilẹ̀kùn, ọmọ mi á na ọwọ́, Lọ́yà á sì sá sẹ́yìn aṣọ mi, á kí i bí àlejò, ọkàn ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin nítorí ọmọ yìí á sì bàjẹ́. Kí n má purọ́ fún ọ, ẹ̀rù tún ń bà mí pé bóyá Lọ́yà ò ní sá sẹ́yìn aṣọ mi rárá.

Ní aago mẹ́wàá alẹ́ àná, ìyá rẹ̀ pè. Ó ní òun ti gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, òun ti ra bẹ́ẹ̀dì kékeré, òun ti tẹ́ ẹ, òun ti tú u, òun tún ti tẹ́ ẹ. Lọ́yà gba fóònù, ó ní, “Ẹ káalẹ́, Àǹtí.” Nígbà tí mo gba fóònù padà, ọmọ mi bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé ẹ ti sọ fún un?” Mo ní ó kù díẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, èmi kì í ṣe oníbàárà yín o.” Ó sì pa fóònù.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo pinnu pé ilẹ̀ ò ní mọ́ kí n tó sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ohùn inú ẹ̀rọ gbà á lẹ́nu mi, ó ń wá ẹnì kan tó gbàgbé báàgì. Mo bẹ̀rẹ̀ nígbà kejì, Lọ́yà bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi irin sáàárín àga, ṣé wọn ò fẹ́ kí èèyàn dùbúlẹ̀ ni? Ọ̀rọ̀ ọ̀hún gba ìdajì wákàtí. Ìgbà kẹta, mo gba ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, “Lọ́yà, gbọ́ mi.” Ó ti sùn.

Mo fi síkáàfù bojú nítorí iná ibẹ̀ kì í kú. Bí aago márùn-ún ṣe ń lọ lù, mo gbọ́ bàtà kan tó dúró lẹ́bàá wa. Ẹ̀ṣọ́ obìnrin ni. Ó jọ pé iṣẹ́ wọn ni láti yẹ gbogbo ọmọdé tó bá sùn síbẹ̀ wò, ọmọ náà ni wọ́n sì máa ń bi léèrè, kì í ṣe àgbà. Lọ́yà ti jí. Èmi náà ò sùn, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí ju kí n ṣí ojú lọ.

“Ta ni màmá yìí jẹ́ sí ọ?” obìnrin náà béèrè.

“Ìyá mi àgbà ni. Àwọn ló bí ìyá mi.”

“Ìyá rẹ ńkọ́?”

“Wọ́n wà níbi tí à ń lọ. Àwọn ni mò ń pè ní Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀, Mọ́mì ò mọ̀ pé mo mọ̀.”

Obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. “Ta ló wá sọ fún ọ?”

“Ìyá Bọ́tìnì ni, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lọ́jọ́ tí wọ́n ń bá mi rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ. Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀, kí Mọ́mì lè sọ ọ́ fúnra wọn. Mò ń dúró dè wọ́n ni. Mọ́mì máa ń pẹ́ lórí iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń parí ẹ̀.”

Ẹjọ́ tí mo ní láti bá ọ rò nìyẹn. Lábẹ́ síkáàfù níbẹ̀, inú bí mi sí ọ. Mo ní ta ló fún ọ láṣẹ? Lẹ́yìn náà ojú tì mí. Ọmọ tí mo rò pé mò ń dáàbò bò, òun ló ti ń dáàbò bò mí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo sunkún, mo sì tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo síkáàfù náà rin. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ náà fẹ́ lọ, ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé Lọ́yà lé itan, mo sọ ọ́. Mo ní Àǹtí kì í ṣe àǹtí, ìyá rẹ ni, òun ló bí ọ, kò sì lọ nítorí pé kò fẹ́ràn rẹ. Ó la ẹnu, ó fọwọ́ sáyà, ó ní, “Háà! Ṣé lóòótọ́?” Kò mọ irọ́ pa rárá, ẹ̀rín ń jáde létí ẹnu rẹ̀. N kò tú àṣírí rẹ̀. Ẹni tó dúró dè mí tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí n jẹ́ kó ṣe háà rẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi pé èmi nìkan ló máa padà sílé, kò ṣe háà mọ́. Ó gbé ọwọ́ mi, ó ń yí òrùka ìránṣọ tí mo gbàgbé láti bọ́ kúrò ní ìka mi. Ó ní, “Ta ló máa wá máa bá yín ki òwú bọ abẹ́rẹ́?” Mo ní Ìyá Bọ́tìnì ni. Ó ní ojú Ìyá Bọ́tìnì burú ju tèmi lọ.

Ó wá sọ fún mi pé kí n má dààmú, pé lálẹ́ ọjọ́ tí a fẹ́ gbéra, òun ti ki òwú bọ gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà lára tìmùtìmù kékeré orí ẹ̀rọ mi. Òwú funfun mẹ́wàá, dúdú mẹ́wàá. Ó ní tí wọ́n bá tán, kí n kó àwọn abẹ́rẹ́ náà wá bá òun.

Kùrukùru ti ká, wọ́n ti ń pè wá. Lọ́yà ti dìde, báàgì ti wà léjìká rẹ̀, ó ń dán ọ̀rọ̀ kan wò lẹ́nu jẹ́jẹ́, ó ń sọ ọ́, ó tún ń dúró: “Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì.” Kì í ṣe èmi ló ń kí.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ilé. Bá mi kí tíṣà náà, kí o sì sọ òótọ́ fún un pé n kò tíì gé síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tí o bá ka ìwé yìí tán, ṣí ìsọ̀, kí o bá mi wo tìmùtìmù yẹn bóyá ogún ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má yọ ìkankan níbẹ̀.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tó parí iṣẹ́ kan lónìí,
                                        Ìyá Ọ̀la.