Kí Wọ́n Dáwọ́ Àdúrà Yẹn Dúró

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà níbẹ̀, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyàwó ẹ ti fúyẹ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àárẹ̀ mọ ojúlé yín. Ní tiwa, ìyá ẹ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, èmi náà ò sì rí ibi tí ara mi gbà láti jókòó, orí àga onígi ẹnu ọ̀nà yìí ni mo ti ń kọ̀wé, bí mo bá kọ ìlà kan, mo dìde, mo yọjú wò ó, mo tún padà.

Ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́ ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí ọ̀nà mọ́ ọkàn ẹ̀, wọ́n sì fa oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì sí i lára. Mo béèrè iye ẹ̀, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bẹ́ẹ̀dì. Àmọ́ ó ṣiṣẹ́, àyà náà rọ̀ ọ́ díẹ̀.

Wọ́n wá ní èròjà kan wà tí ara fúnra ẹ̀ ń ṣe, tó máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, pé àwọn fẹ́ mọ bó ṣe pọ̀ tó lára àwọn tó gba irú oògùn yẹn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n ní mẹ́rin. Wọ́n tún gbà á, wọ́n ní mẹ́fà. Ìwọ náà mọ̀ pé ìdí òṣùwọ̀n ni mo ti ń jẹun, ẹni tí òṣùwọ̀n ẹ̀ bá ròkè ló jèrè. Inú mi dùn débi pé mo sọ fún obìnrin tó ń tọ́jú ọkọ ẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí tiwọn ṣì wà ní mẹ́ta, pé kó má bọkàn jẹ́, tiwọn náà á gòkè. Ìyá ẹ ní ẹ̀jẹ̀ òun ni wọ́n ń fà, èmi ni mò ń yọ̀ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo ní kó sinmi. Mo bọ́ síta, mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nílé, mo ní kí gbogbo ẹbí kúnlẹ̀, kí nọ́ńbà náà má dúró lórí mẹ́fà. Ibi tó ti ń ṣe àmín ni owó fóònù mi tán.

Ìgbà tí mo wọlé ni nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni mò ń dúpẹ́ fún, ó ní kó wálẹ̀ ni àwọn ń fẹ́, pé bó bá pọ̀ ọ̀nà á há mọ́ ẹ̀jẹ̀, ọkàn á sì máa ṣe làálàá. Mo sáré lọ bẹ obìnrin bẹ́ẹ̀dì kejì pé kó gbàgbé ohun tí mo wí, ó ní òun ò tiẹ̀ ṣe àmín, pé ojú mi ò jọ ti dókítà.

Láàárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa tún gba ẹ̀jẹ̀ ìyá ẹ, ẹbí sì wà lórí ìkúnlẹ̀, o mọ ẹ̀gbọ́n mi, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ kì í tètè jáwọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí n fi fóònù òun pè wọ́n, mo ṣàlàyé fún un pé inú fóònù tèmi ni ẹ̀gbọ́n mi wà. Ìdí nìyí tí mo fi fún awakọ̀ tó ń bọ̀ níbẹ̀ ní lẹ́tà yìí. Bó bá ti dọ́wọ́ ẹ, jọ̀ọ́, fi owó fóònù ránṣẹ́, kékeré tó, iye tí mo máa fi sọ pé kí wọ́n yí i padà. Bí o bá rí owó oògùn fi kún un, mi ò ní bínú.

Láti ọjọ́ tí mo ti ń wọn nǹkan, mi ò bẹ̀bẹ̀ rí pé kí ohunkóhun dín kù, ti ìyá ẹ yìí ni mo kọ́kọ́ ń bẹ̀. Kí ohun rere máa pọ̀ fún ọ, kí ti ìyá ẹ máa dín, kó máa dín títí òun fúnra ẹ̀ á fi bá mi délé.

Èmi ni bàbá ẹ, lórí ìdúró.