Ojú Tó Ti Yó Ló Ń Gbààwẹ̀

Kẹ́hìndé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé Àbújá ń tù yín lára? Àwa náà wà dáadáa, ooru Sabon Gari nìkan ló ń bá wa jà. Ọlọ́run tó dá ìwọ àti Táyé sí fún mi á dá tiyín náà sí fún yín.

Ọ̀rọ̀ Mọ́yọ̀ọ̀lá ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi ni mo fẹ́ sọ, ojú òsì rẹ̀ tó máa ń wo imú yẹn. Mo mú un lọ sí ọsibítù, wọ́n ní àwọn máa ya fọ́tò, ni mo bá wọ gáàùn ṣọ́ọ̀ṣì fún un, mo lẹ pọ́dà mọ́ ọn lójú. Àṣé inú orí ni wọ́n fẹ́ yà! Síbẹ̀ mo gba fọ́tò náà, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Likita, dókítà ojú wọn, ní ojú náà kò fọ́. Ó ní ojú méjèèjì kì í wo ibì kan náà, ọpọlọ wá pa ti òsì tì, ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tó ń gba iṣẹ́ ojú òsì nínú orí fi rù. Mo ní ó yé mi, abiyamọ tó ń fún ìbejì kan lọ́mú tó ń febi pa ìkejì ni ọpọlọ yìí. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ṣùgbọ́n ọpọlọ ọmọdé ṣì ń gbọ́ràn, kí n máa fi bándéèjì bo ojú ọ̀tún tó dáa, ká má sì fi falẹ̀.

Èmi tí mo tọ́ ìbejì, ṣé mo ra bàtà fún ọ rí kí n má ra ti Táyé? Mo bo ọ̀tún lónìí, mo bo òsì lọ́la, kí ìkan má baà bínú. Nígbà tí a padà lọ, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Likita wò mí títí, ó ní, “Mama, èyí tó ti yó ló yẹ kó gbààwẹ̀.” Ojú tì mí.

Láti ìgbà náà, ọ̀tún nìkan ni mò ń bò. Ọmọ ń sunkún, ó ń forí gbá ilẹ̀kùn, ó ń da kókó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àmọ́ mi ò tú u. Àfi lánàá tó dúró níwájú fọ́tò ìgbéyàwó rẹ, ojú òsì nìkan ló là, ó ní, “Mamata ce.” O mọ̀ pé Háúsá ló máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ní màmá òun ni. Kẹ́hìndé, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún ayọ̀. Likita ní ọ̀nà ṣì jìn, ṣùgbọ́n ọpọlọ ti ń rántí ọmọ rẹ̀ kejì.

Jọ̀ọ́, fi owó bándéèjì ránṣẹ́, kí o sì fi ìyókù wọ ọkọ̀ wá. Ọlọ́run á ṣáájú rẹ, á sì kẹ́yìn rẹ. Fọ́tò rẹ ni ojú òsì yẹn mọ̀, kò tíì rí ìwọ gan-an rí.

Èmi ìyá rẹ,
Ìyá Ìbejì