Àwọ̀ Méjì fún Ògiri Pálọ̀

Adó-Odò.

Tóyọ̀sí, àkọ́bí mi,

O kú iṣẹ́ o, o kú wàhálà Ọ̀tà. Ṣé ara le? Ara èmi le, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn. Ọlọ́run tó fún ọ níṣẹ́ ní yunifásítì tuntun yẹn kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, gbogbo ilé ní kí n kí ọ.

Mo rí ọ̀dà méjèèjì tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù Hafeez tó ń gẹrun, pé kí n mú ọ̀kan kí àwọn òbí Ọlábánjí tó wá tọrọ rẹ. Ọmọ mi, mi ò ní tàn ọ́, ọ̀dà yẹn ò dá mi lójú. Nínú oòrùn, aláwọ̀ ewé yẹn parẹ́ pátápátá, nígbà tí a wọlé ó tún yọ. Mo gbé e sára ògiri kí n lè wò ó dáadáa, kò pẹ́ tó fi dúdú bí ìdí ìkòkò, àfi ìgbà tí Hafeez fi ìka kàn án. Ṣé a ó máa fi ìka kan ògiri níṣojú àna ni? Èyí tó dà bí ògì náà ń tòògbé, ṣùgbọ́n ó fara dà á díẹ̀, òun ni mo mú. Àga pupa tó wà níwájú rẹ̀ dára gan-an, sọ fún wọn kí wọ́n má gbàgbé rẹ̀ tí wọ́n bá ń kó ọ̀dà bọ̀.

Sírájúdéènì, pẹ́ńtà tí o rán wá, ti wo ògiri. Ó ní o ní kí òun ha ìdọ̀tí dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kúrò. Tóyọ̀sí, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ máa ń gbé orí lé tó bá ń bó ẹ̀gúsí, àdín orí rẹ̀ ló wọ ògiri, ọdún mọ́kànlélógún gbáko. Láti ìgbà tó ti kú, mo máa ń fọwọ́ kan ibẹ̀ kí n tó lọ sóko. Mo sunkún níwájú pẹ́ńtà, ojú tì mí, mo ní ata ló kó sí mi lójú, bẹ́ẹ̀ kò sí ata nílé. Àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Kí ó kun gbogbo ògiri, kí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún mi, kò tóbi ju abẹ̀bẹ̀ lọ.

Jọ̀ọ́, fi owó bàtà ránṣẹ́, èyí tí mo ní ti lanu. Má fi sí báǹkì o, wọn ò mọ̀ mí níbẹ̀, dírẹ́bà ni kí o fi rán. Ilé ọkọ á tù ọ́ lára, wàá bí akọ, wàá bí abo, ayọ̀ rẹ ò ní dín.

Tí àna bá béèrè ohun tó wà lára ògiri, jẹ́ kí èmi dáhùn. Abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni n ó gbé àga pupa yẹn sí. A kì í fa ọmọ fún ọkọ kí ìyá rẹ̀ wà ní ìdúró.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fákọ̀yà