Káfíńtà Onítíì, Ọdún Mẹ́rin Rèé

Bàbá àwọn ọmọ mi, ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin! Àfi bí àná.

Ṣọ́ọ̀bù yín ò tì o. Àkọ́bí yín ló ń fá pákó níbẹ̀ báyìí. Ó ti parí àga mẹ́fà tí ẹ fi sílẹ̀ láìlẹ́sẹ̀. Àbígbẹ̀yìn yín ti di nọ́ọ̀sì, ó ti ga jù mí lọ. Ẹ̀yin ìbá rí i!

Àwọn ọmọṣẹ́ ṣì ń pè yín ní Káfíńtà Onítíì. Nígbà ayé yín, ẹ̀yin náà á ní kí wọ́n máa fi ṣúgà para wọn lọ. Lóòótọ́, tíì aláwọ̀ ewé yẹn ṣe yín lóore. Ẹ pa ọtí ẹlẹ́rìndòdò tì, ikùn yín lọ sílẹ̀, ẹ ń gun àkàsọ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà pàápàá yìn yín, àmọ́ ó ní kí ẹ má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ o.

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi rèé. Lọ́jọ́ tí ẹ ní ara yín ti le, pé kí lẹ tún ń gbé oògùn mì fún, èmi ni mo kó páálí oògùn náà kúrò lórí tábìlì. Èmi! Mo tún bu ife tíì kejì fún yín. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ yín, ẹ ò sì dìde mọ́. Àwọn èèyàn ń kí mi kú ará-fẹ́ra-kù, mo ń dáhùn, ẹ̀rí ọkàn ń gún mi. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Níjẹta, àbígbẹ̀yìn wa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìfúnpá náà ga bíi tiyín gan-an. Àkọ́bí yín rẹ́rìn-ín, ó ní tíì Bàbá á wo òun sàn, òun ò ní gbé oògùn kankan mì. Àyà mi já! Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ní kí àwọn méjèèjì jókòó, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pátá.

Àbígbẹ̀yìn yín ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìsinsìnyí. Ó dùn mí, àmọ́ mi ò bá a wí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tiẹ̀ gbé oògùn mì lójú mi láàárọ̀ yìí, kó tó fọwọ́ kan ife tíì.

Olówó orí mi, ẹ dárí jì mí. Àárò yín ń sọ mí lójoojúmọ́, ìfẹ́ yín ò sì dín kù lọ́kàn mi. Ẹ máa sinmi. Ọmọ yín á dàgbà jù yín lọ.