Apá Ọkọ̀ Òfúrufú ti Wọ Yàrá Wa

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọ̀nà kò ní dí mọ́ ọ láyé, bí ẹnu ọ̀nà pálọ̀ wa ti dí mọ́ èmi báyìí, àmín. Ara mi le, inú mi sì ń dùn débi pé mo ń dá nìkan rẹ́rìn-ín nídìí ààrò, nítorí oṣù kẹta rèé tí mo di ìyàwó tuntun, ṣùgbọ́n ọmọ mi, ọkọ tí mo fẹ́ yìí fẹ́ sọ mí di wèrè.

O mọ̀ pé mẹkáníìkì ni kí ó tó fẹ̀yìntì. Ó wá ra ọkọ̀ òfúrufú tí wọn kò tíì tò pọ̀, inú àpótí ni gbogbo rẹ̀ wà, pẹ̀lú ìwé nínípọn tó ń sọ bí a óò ṣe tò ó. Ìwé ní kí á wá àyè tó gba mọ́tò méjì. Mo ní mọ́tò wo? Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo la ní, táyà rẹ̀ sì ti jò. Mo ti ń wọ bàtà láti lọ yá mọ́tò méjì ládùúgbò kí ó tó là mí lóye pé fífẹ̀ àyè ni wọ́n ń wí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kó àga pálọ̀ síta.

Ìwé tún ní ìrù ni kí á kọ́kọ́ ṣe. Ìrù! Èmi tí mo bímọ mẹ́rin, orí ni gbogbo yín fi wáyé. Ó ní ìrù ló kéré jù, òun la fi ń kọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù tí a óò fi forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ tún dé, wọ́n bi í pé èèyàn mélòó ni ọkọ̀ yóò gbé, ó kọ méjì. Mo ní àwọn ọmọ mi ńkọ́, mo fi bírò sọ ọ́ di mẹ́fà. Ó di orí mú, ó lọ gba fọ́ọ̀mù mìíràn.

Ìrù parí, ó kan apá. Àṣé ọkùnrin yìí kò wọn pálọ̀! Èmi ni mo fi okùn tí mo ń sá aṣọ sí wọ̀n ọ́n: apá fi ìgbésẹ̀ méjì gùn ju pálọ̀ lọ. Ó ní kò burú, òun yóò da ògiri yàrá rẹ wó. Ara mi bù máṣọ. Ara ògiri yẹn ni bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí lọ́dọọdún láti mọ bí o ṣe ga tó. N kò lè sọ ọ́ jáde, ta ni í ròyìn ọkọ àná fún ọkọ òní? Mo kàn ń gbá ibi tí mo ti gbá.

Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé òòlù. Mo di etí de ariwo, ṣùgbọ́n ògiri kò mì. Nígbà tí mo yọjú, ó ń fi ìka ka àwọn ìlà náà, ó ní ta ló ga báyìí. Mo ní àbíkẹ́yìn mi ni. Ó ní ọmọ yìí mà tètè ga o. Ó yí padà, ó sì da ògiri òdìkejì wó, ti yàrá tèmi tòun!

Nísinsìnyí, orí apá ọkọ̀ ni mo ń sá aṣọ sí. Mo bi í báwo ni nǹkan yìí yóò ṣe jáde nílé, ó ní òun kò tíì ka ìwé dé ibẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó bẹ́ẹ̀dì ńlá ránṣẹ́, ògiri ti wó lu tiwa, orí bẹ́ẹ̀dì kékeré rẹ ni ìyàwó tuntun àti ọkọ rẹ̀ ń há ara wọn mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ síta. Má fi owó náà sínú fóònù mi o, ojoojúmọ́ ló ń kọ ọ́ sí mi pé inú òun ti kún.

Ìwọ náà yóò rí ẹni tí yóò wo ògiri dáadáa kí ó tó wó o.

Èmi ni ìyá rẹ, ìyàwó tuntun.